Oṣù Kan Kò Tó Láti Dá Ọ̀dọ́ Lẹ́jọ́

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ogún ọdún kan wọ pápá ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìlú Boston, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Jackson Holliday. Eré bẹ́sìbọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ Orioles ti ìlú Baltimore ló sì ń ṣe é fún. Ìròyìn rẹ̀ ti tàn ká kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan pápá. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí yàtọ̀ sí ohun tí etí ti gbọ́. Eré 10 péré ni ó ṣe. Nínú ìgbà 34 tí a kà fún un pé ó gbìyànjú láti lu bọ́ọ̀lù, ìgbà 2 péré ni lílù rẹ̀ yọrí sí rere. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 26 oṣù náà, wọ́n ti dá a padà sí ẹgbẹ́ kékeré tó wà ní ìlú Norfolk.

Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ẹnu ènìyàn kì í dákẹ́. Ẹnì kan yóò ní wọ́n ti yára mú ọmọ náà jáde jù. Ẹlòmíràn yóò ní ọmọ náà kò tó ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló gbàgbé ohun pàtàkì kan. Ẹgbẹ́ tó bá pinnu láti tọ́ ọmọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi oṣù àkọ́kọ́ dá ọmọ náà lẹ́jọ́. Ìtàn ẹgbẹ́ Orioles gan-an ni ẹ̀rí tó dára jù lọ fún èyí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí eré náà ṣe rí, nítorí kò wọ́pọ̀ ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́. Ẹgbẹ́ méjì ló ń bá ara wọn díje, ènìyàn 9 sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá. Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kan yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan. Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kejì yóò di ọ̀pá igi mú, yóò sì gbìyànjú láti fi lu bọ́ọ̀lù náà. Bí ó bá lù ú dáadáa, yóò sáré lọ sí ibùdó àkọ́kọ́, láti ibẹ̀ sí ìkejì, sí ìkẹta, títí yóò fi padà sí ibi tó ti gbéra. Ẹni tó bá yí ká padà délé báyìí ti gba àmì kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù tó lù bá fò kọjá ògiri pápá, kò sí ẹni tó lè dá a dúró mọ́. Yóò kàn rọra sáré yí ká ni.

Ohun kan wà nínú eré yìí tí ẹni tó bá ń wò ó kò gbọdọ̀ gbàgbé: ìkùnà ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju àṣeyọrí lọ. Alùbọ́ọ̀lù tó bá ṣe àṣeyọrí ní ìgbà 3 nínú 10, akọni ni wọ́n ń pè é. Èyí já sí pé akọni náà kùnà ní ìgbà 7 nínú 10. Bẹ́ẹ̀ sì ni eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní sáà kan, láti ìparí oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, eré 10 dà bí ọjọ́ díẹ̀ tí àgbẹ̀ fi kọ ebè nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Kò sí ẹni tó lè ti ibẹ̀ sọ bí ìkórè yóò ṣe rí.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wá láti ọdún 1982. Ní ọdún náà, ọ̀dọ́ kan wà nínú ẹgbẹ́ Orioles tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cal Ripken. Ọmọ ilé gan-an ni. Ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí Baltimore wà, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Cal Ripken, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú àwọn ẹgbẹ́ kékeré tí Orioles fi ń tọ́ ọmọ. Ọdún 1978 ni wọ́n yan ọmọ náà. Ó lo ọdún 3 nínú àwọn ẹgbẹ́ kékeré kí wọ́n tó pè é sí ẹgbẹ́ ńlá ní oṣù kẹjọ ọdún 1981. Ní ìgbà tó kù nínú ọdún yẹn, àṣeyọrí 5 péré ni ó ní nínú ìgbà 39.

Nígbà tí sáà ọdún 1982 bẹ̀rẹ̀, Ripken lu bọ́ọ̀lù kọjá ògiri ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Inú àwọn ará Baltimore dùn. Lẹ́yìn náà ni nǹkan dojú rú. Nígbà tí oṣù karùn-ún fi máa wọlé, ìgbà 7 péré ni ó ti ṣe àṣeyọrí nínú ìgbà 60. Earl Weaver, tó jẹ́ olùkọ́ni ẹgbẹ́ náà, lè ní kí ó lọ jókòó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ náà sì ń kọ́ iṣẹ́ bí ó ti ń ṣe é. Nígbà tí sáà parí, Ripken ti lu bọ́ọ̀lù kọjá ògiri ní ìgbà 28. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ọ̀dọ́ tuntun tó dára jù lọ nínú líìgì rẹ̀. Ní ọdún 1983, Orioles gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Kò tán síbẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1982 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, Ripken ṣe eré 2,632 ní àtẹ̀léra láìpa ẹyọ kan jẹ. Kò sí ẹni tó tíì ṣe irú rẹ̀ rí nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ti fi oṣù kẹrin ọdún 1982 dá a lẹ́jọ́, ta ni ì bá gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Ẹ̀rí kejì kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ẹgbẹ́ lódindi ni. Ní ọdún 1988, Orioles pàdánù eré 21 àkọ́kọ́ wọn ní àtẹ̀léra. Títí di òní, orúkọ wọn ni wọ́n ń dá nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tó burú jù lọ nínú líìgì ńlá. Lẹ́yìn eré 6 péré, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ lé olùkọ́ni wọn kúrò. Olùkọ́ni náà ni Cal Ripken tó jẹ́ bàbá, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ bá wọn tọ́ ọmọ. Lílé tí wọ́n lé e kò dá àdánù dúró. Eré 15 mìíràn ni wọ́n tún pàdánù kí wọ́n tó borí ẹyọ kan. Nígbà tí ọdún fi máa parí, wọ́n ti pàdánù eré 107.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Gregg Olson, ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n yàn ní ọdún 1988 kan náà tí ojú ń tì wọ́n. Ní ọdún 1989, òun náà gba àmì-ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ tuntun tó dára jù lọ. Ẹgbẹ́ tó pàdánù eré 107 borí eré 87, ó sì bá ẹgbẹ́ Toronto du ipò kìn-ín-ní nínú ìpín wọn títí di òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà. Ipò náà kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, kò sí ará Baltimore tó jẹ́ ka ọdún náà sí àdánù.

Ẹ̀rí kẹta ni ti ọdún àìpẹ́ yìí, ó sì le ju méjì ìṣáájú lọ. Ní ọdún 2018, Orioles pàdánù eré 115. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n gba ọ̀gá tuntun kan, Mike Elias, kí ó wá tún ẹgbẹ́ náà tò. Ọ̀nà tó gbà ni pé kí wọ́n má ṣe náwó rẹpẹtẹ lórí àwọn eléré tí ẹlòmíràn ti tọ́, bí kò ṣe kí wọ́n yan ọ̀dọ́, kí wọ́n sì tọ́ wọn fúnra wọn. Ìdí owó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, eléré tí ẹgbẹ́ kan bá mú wọ líìgì ńlá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà fún nǹkan bí ọdún 6 kí ó tó ní òmìnira láti lọ síbi tó wù ú. Owó rẹ̀ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn kéré gan-an sí ti àgbà eléré.

Òfin kan tún wà tó ran ètò yìí lọ́wọ́. Lọ́dọọdún, gbogbo ẹgbẹ́ máa ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun ní ìtò-ìtò. Títí di ìgbà yíyàn ti ọdún 2022, ẹgbẹ́ tó bá ṣe tì jù lọ ní ọdún tó ṣáájú ni wọ́n máa ń jẹ́ kí ó kọ́kọ́ yàn, kí alágbára má ba à kó gbogbo ọmọ rere lọ. Orioles pàdánù eré 108 ní ọdún 2019 àti 110 ní ọdún 2021. Bí wọ́n ti ń pàdánù ni wọ́n ń yan ọmọ. Ní ọdún 2019, wọ́n yan Adley Rutschman àti Gunnar Henderson. Ní ọdún 2022, Jackson Holliday ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo ọ̀dọ́. Ẹni ọdún 18 ni nígbà náà.

Èso rẹ̀ yọ. Rutschman wọ ẹgbẹ́ ńlá ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ẹgbẹ́ náà sì borí eré 83 ní ọdún yẹn. Ní ọdún 2023, wọ́n borí eré 101. Henderson náà rí oṣù àkọ́kọ́ tó le ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n wọn kò ta á nù. Nígbà tí sáà parí, ó ti lu bọ́ọ̀lù kọjá ògiri ní ìgbà 28, iye kan náà tí Ripken lù ní ọdún 1982. Òun náà gba àmì-ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ tuntun.

Síbẹ̀, òtítọ́ ni ó yẹ kí a sọ. Èso yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wo eré ní Baltimore ló jẹ ìyà àwọn ọdún àdánù náà. Ẹgbẹ́ tó bá ń pàdánù fún ọdún púpọ̀, tó sì ń pe ìpàdánù náà ní títọ́ ọmọ, ó yẹ kí a bi í léèrè: ṣé ẹ̀kọ́ ni, àbí àìnáwó? Àwọn aláṣẹ líìgì rí i pé àwọn ẹgbẹ́ lè máa fẹ́ràn àdánù nítorí àtiyan ọmọ. Láti ìgbà yíyàn ti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń ṣẹ́ kèké fún ipò 6 àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tó bá burú jù lọ kò ní ìdánilójú mọ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ yàn. Ìlànà náà dára. Títọ́ ọmọ kì í ṣe àwáwí fún ọ̀lẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Holliday ti wọlé nìyí. Nígbà tí wọ́n dá a padà sí Norfolk, àwọn kan lè rò pé ọ̀nà tí Weaver gbà ní ọdún 1982 ló dára jù, pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ méjèèjì kò rí bákan náà. Ripken ti lo ọdún 3 nínú àwọn ẹgbẹ́ kékeré. Holliday kò tíì lo ọdún 2 pé níbẹ̀. Ọ̀kan ti kọ́ iṣẹ́ náà tó, ìgboyà ló kù fún un. Èkejì ṣì ní ohun tó yẹ kí ó kọ́, kò sì sí bí yóò ṣe fara balẹ̀ kọ́ ọ níwájú ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran. Ọlọ́gbọ́n olùkọ́ni ni ẹni tó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ méjì yìí. Dídá padà kì í ṣe lílé dànù, bí wọ́n bá ṣe é pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rere, tí ọ̀nà àtipadà sì ṣí sílẹ̀.

Ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2024, wọ́n pe Holliday padà. Ní ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí ẹgbẹ́ Toronto wá bá wọn ṣeré ní Baltimore, ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó gbé ọ̀pá dúró. Ó lu bọ́ọ̀lù náà kọjá ògiri. Ènìyàn 4 ló padà délé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò lu bọ́ọ̀lù kọjá ògiri nínú líìgì ńlá nìyẹn. Ọwọ́ kan náà ni, oṣù mẹ́ta ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi kún un. Ọjọ́ kan kò sọ ọ́ di àgbà eléré, ìṣòro ṣì wà fún un lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ẹgbẹ́ náà ń gbójú lé.

Ọdún 2025 yẹn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kò sì dùn. Àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ wà níbẹ̀, síbẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ sáà burú. Nígbà tí wọ́n ti borí 15, tí wọ́n sì ti pàdánù 28, wọ́n lé Brandon Hyde, olùkọ́ni tó ti wà pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ náà láti ọdún 2019, ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún. Ìparí ọdún bá wọn pẹ̀lú àdánù 87. Kí ló fà á? Ìdí kan hàn gbangba. Corbin Burnes, ajubọ́ọ̀lù ńlá tí wọ́n gbà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn ní ọdún 2024, ti lọ sí Arizona lẹ́yìn ọdún kan ṣoṣo. Grayson Rodriguez, ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n tọ́ fúnra wọn, fara pa, kò sì lè ju bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá ní gbogbo ọdún náà. Ilé tó ní àwọn ọmọ tó mọ lílù, tí kò sì ní àwọn tó mọ jíjù tó, òpó kan ṣoṣo ló gbé e dúró.

Nítorí náà, ìtàn yìí kò sọ pé ẹni tó bá ní sùúrù yóò máa borí títí láé. Ohun tó sọ ni pé iṣẹ́ títọ́ ọmọ ní àwọn ojúṣe tí kò ṣeé fò.

Èkíní ni pé kí àwọn aláṣẹ fún ọ̀dọ́ ní àkókò tó tó, kí wọ́n sì sọ òtítọ́ fún un nípa ohun tí kò tíì mọ̀. Ẹni tí wọ́n dá padà láìsọ ìdí fún un yóò rò pé wọ́n kórìíra òun ni. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé, "Lọ kọ́ èyí, kí o sì padà wá," mọ ibi tí òun ń lọ.

Èkejì ni pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún àwọn olùkọ́. Ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ọdún 1988 àti ní ọdún 2025, olùkọ́ni ni wọ́n kọ́kọ́ lé nígbà tí ìbẹ̀rẹ̀ sáà burú. Ó rọrùn láti lé ẹnì kan ju láti tún ilé ṣe lọ. Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ni ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń yan ẹni tí wọn yóò rà, kì í sì í ṣe òun ló di àpò owó mú.

Ẹ̀kẹta ni pé kí àwọn tó ni ẹgbẹ́ má ṣe fi àwọn ọmọdé bojú. Nígbà tí ọmọ bá ti dàgbà tó láti ru ẹrù, ó yẹ kí àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò bá a gbé e. Ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ dáadáa, tí kò sì fẹ́ náwó láti fi àgbà eléré kún wọn, ó ti dáko tán, ó wá kọ̀ láti ra àpò tí yóò fi kó àgbàdo wálé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Baltimore nìkan. Ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í gbé aṣọ oníbàárà lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ọmọ náà bá sì gé aṣọ ní ìgékúgèé, ọ̀gá rere kì í torí ìyẹn lé e lọ. Àkísà ni yóò kó fún un pé kí ó máa fi kọ́ ọwọ́. Norfolk ni àkísà tí wọ́n kó fún Holliday. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún mọ̀ pé lẹ́tà àkọ́kọ́ kì í tọ́, àti pé kì í ṣe lẹ́tà náà ni a fi ń mọ ẹni tí yóò kàwé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Ọ̀dọ́ tó ṣubú ní oṣù kẹrin, iwájú ni kí ó wò. Ẹ̀yìn ni kí àwọn tó ń tọ́ ọ máa wò, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ àti ohun tí wọn kò tíì kọ́ ọ, kí wọ́n tó la ẹnu láti dá a lẹ́jọ́.